Ẹ Má Pè É Ní Àmúwá Ọlọ́run

Láàárọ̀ ọjọ́ tí katakata tẹ ọmọ ìyá wa kan lẹ́sẹ̀ ní yáàdì tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ìwé kan wà nínú ọ́fíìsì tó sọ pé irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ ìwé náà dáadáa. Mo ti fọwọ́ sí i. Òun náà ti fọwọ́ sí i. Gbogbo wa la tò bí ọmọ iléèwé ní aago 6 àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ́jẹ́ńsì kọ́kọ́ kó wa débẹ̀, tí ọ̀gá kan tó di ife kọfí mú nawọ́ báírò sí wa, tó ní ká fọwọ́ síbí, ká fọwọ́ sọ́hùn-ún, ká ṣe kíá. Ojú ewé 11 ni ìwé ọ̀hún. Kò sẹ́ni tó kà á nínú wa, kò sì sẹ́ni tó retí pé ká kà á. Orúkọ wa ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ti rí i gbà.

Ìbínú ni mo fi ń kọ eléyìí, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ kì í ṣe òyìnbó nìkan ni mò ń bínú sí. Ìdajì ìbínú yẹn, orí àwa fúnra wa ni mo fẹ́ dà á lé, àwa tí a máa ń sọ pé "àmúwá Ọlọ́run ni" kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Skip ni àpótí irin ńlá tí kò ní ọmọrí, tí wọ́n máa ń gbé síwájú ilé nílùú òyìnbó tí wọ́n bá ń tún ilé ṣe. Ẹni tó ń wó ògiri, ẹni tó ń pààrọ̀ ilé ìdáná, ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, inú ẹ̀ ni gbogbo wọn ń da pàǹtí sí. Ó jọ àwọn àpótí tí wọ́n ń pè ní dino bin l'Ékòó, àmọ́ yíyá ni wọ́n ń yá eléyìí. O pe ilé iṣẹ́ kan, o sanwó, wọ́n gbé òfìfo wá, nígbà tó bá kún wọ́n á wá gbé e lọ. Tó bá jẹ́ ojú títì ló máa wà, àfi kí káńsù fọwọ́ sí i, iná sì gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀ lálẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ má lọ forí sọ ọ́. Òfin ojú títì ọdún 1980 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé orí ẹni tó ń kọjá lọ ni òfin kọ́kọ́ rò. Ẹni tó ń gbé e ńkọ́?

Ọkọ̀ tó ń gbé skip ní apá irin méjì lẹ́yìn, ṣéènì sì ń rọ̀ lára wọn. Dẹ́rẹ́bà á sọ̀ kalẹ̀, á fi ṣéènì kọ́ etí skip lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹ ohun tó máa tẹ̀, skip á gbéra nílẹ̀, á máa fì dirodiro lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ìgbà tó ń fì yẹn gan-an ni ewu iṣẹ́ yìí ń pé jọ. Tí ìpẹtà bá ti jẹ ṣéènì kan ńkọ́? Tí etí tí wọ́n fi kọ́ ọ bá ti sán? Tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá rọ̀ tí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀? Tí wáyà iná bá wà lókè tí dẹ́rẹ́bà ò gbójú wò ó? Tí ọmọdé bá sáré jáde wá wòran? Òfin wọn níbẹ̀ ní kí ẹni tó mọṣẹ́ máa yẹ irú ṣéènì bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 6. Oṣù 9 ni mo lò ní yáàdì yẹn. Mi ò fojú kan ẹni tó wá yẹ ṣéènì wò rí. Bóyá òru ló máa ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún wà níbẹ̀. Skip tí àwọn kọ́lékọ́lé fẹ́ràn jù, èyí tí wọ́n ń pè ní yáàdì 8, tí o bá fi iyẹ̀pẹ̀ tútù kún un dẹ́nu, ó lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 8, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ oníbejì-àyà tí wọ́n sábà fi ń gbé e, tọ́ọ̀nù 18 lòfin gbà á láyè, àtòun àtẹrù. Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ sì ti kó bí ìdajì ìwọ̀n yẹn lọ kó tó gbé nǹkan kan. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń sọ pé ẹrù ò gbọdọ̀ ga ju etí skip lọ. Gbogbo oníbàárà ló ń gbọ́ ọ. Gbogbo wọn náà ló ń fi ilẹ̀kùn àlòkù ṣe ọgbà yí i ká, tí wọ́n á wá to pàǹtí sókè bí ebè iṣu. Dẹ́rẹ́bà débẹ̀, ó rí i, ó mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ní yáàdì tiwa, iye skip tó bá gbé délé lóòjọ́ ni wọ́n fi ń ka owó fún un. Tó bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ti sun epo, ó ti pàdánù wákàtí kan, oníbàárà á pe ọ́fíìsì láti bú u, ọ́fíìsì náà á pè é láti bú u. Nítorí náà ó gun orí ẹrù lọ, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ta àwọ̀n bò ó, ó sì ń gbàdúrà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti wa ọkọ̀ yìí ju ọdún 10 lọ. Ó ní òun ò bẹ̀rù ṣéènì, òun ò bẹ̀rù wáyà iná, fóònù ọ̀gá ló ń já òun láyà.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn ẹ̀gbọ́n yẹn. Torí ibẹ̀ ni irọ́ ìwé ojú ewé 11 wà. Ìwé yẹn ní kí dẹ́rẹ́bà kọ ẹrù tó bá ga jù. Ètò owó ní kó gbé e. Tí méjèèjì bá pàdé, ẹ̀yin náà mọ èyí tó máa borí. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ọ̀gá á fa ìwé yọ, á ní: "A ti sọ fún un. Ó fọwọ́ sí i." Ẹ ò rí i pé adájọ́ ni ìwé yẹn ń dúró dè, kì í ṣe òṣìṣẹ́?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ yáàdì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da gbogbo ẹ̀ jọ ròkè, tí katakata ń wà á, tí wọ́n ń da díẹ̀ díẹ̀ sórí bẹ́líìtì tó ń yí, tí àwa tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì á máa fi ọwọ́ ṣa igi sọ́tọ̀, irin sọ́tọ̀, ọ̀rá sọ́tọ̀. Eruku ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Tí o bá fún imú nírọ̀lẹ́, dúdú ló máa jáde. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò máa ń wà níbẹ̀. Sìlíńdà gáàsì tó ṣì ní nǹkan nínú máa ń wà níbẹ̀. Bátìrì inú ẹ̀rọ sìgá aláfẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ ń fà kiri, èyí tí katakata bá ti tẹ̀, iná ló ń di. Ìjọba Bìrìtìkó ti fòfin de títa èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan jù nù láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2025, àmọ́ òfin ò lè wọ inú dúrọ́ọ̀ àwọn èèyàn lọ kó àwọn ti tẹ́lẹ̀ jáde. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n á máa jù wọ́n sínú skip.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ kì í dún, kì í gbóná, kì í rùn. Asbestos. Ọdún 1999 ni wọ́n fòfin de gbogbo ẹ̀ pátá nílẹ̀ Bìrìtìkó, nítorí náà ilé èyíkéyìí tí wọ́n kọ́ kó tó di ọdún 2000 lè ní in nínú: lókè àjà, lára páìpù, lábẹ́ táìsì, lórí gáréèjì. Tí o bá fọ́ ọ, eruku ẹ̀ á wọ ẹ̀dọ̀fóró, á jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó lè gba 20 ọdún, ó lè gba 40, kó tó sọ ohun tó bá wá. Ní ọjọ́ yẹn, ẹ́jẹ́ńsì tó kó ẹ débẹ̀ ti kógbá wọlé, yáàdì ti di ilé olówó ńlá, ìwọ náà ti padà sí Òṣogbo lọ fẹ̀yìntì, dókítà á máa bi ẹ́ bóyá o máa ń mu sìgá.

Wàyí o, ọmọ tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, kò tíì pé ọmọ ọdún 26. Ó wá kàwé ni, ó sì ń kà á ní ti tòótọ́, ó máa ń gbé ìwé ẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Oṣù Kìíní ni, aago 7 àárọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́, òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Wọ́n kun ilà aláwọ̀ ìyeyè sílẹ̀ níbẹ̀ pé kí ẹlẹ́sẹ̀ máa gba ibẹ̀, ìyẹn wà nínú ìwé, pẹ̀lú àwòrán. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti há, wọ́n ti to skip òfìfo lé ilà yẹn lórí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibo lẹlẹ́sẹ̀ fẹ́ gbà? Ojú ọ̀nà katakata náà ni gbogbo wa ń gbà. Katakata ní ohùn kan tó máa ń ké tó bá ń fẹ̀yìn rìn, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Wọ́n ti já wáyà ẹ̀, torí àwọn aládùúgbò kọ̀wé sí káńsù pé ariwo pọ̀ láàárọ̀. Ẹni tó ń wà á ò rí ẹ̀yìn. Ọmọ yẹn ò gbọ́ nǹkan kan. Igbe ẹ̀ la gbọ́.

Ìbéèrè tí ọ̀gá kọ́kọ́ bi wá, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láé. Kò bèèrè ẹsẹ̀. Ó ní: "Ṣé ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀?"

Ó wọ̀ ọ́. Jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yòò yẹn wà lọ́rùn ẹ̀, ó tàn yòò nínú ẹrẹ̀ níbi tó sùn sí. Pọ́n-ùn 15 ni wọ́n yọ nínú owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wa nítorí jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Kí ni jákẹ́ẹ̀tì máa ṣe fún ẹni tí ẹ̀yìn katakata ń bọ̀ wá bá nínú òkùnkùn? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ká gbé skip kúrò lórí ilà ìyeyè, owó ni. Ká tún wáyà so, káńsù á tún kọ̀wé. Ká wọ ọmọ èèyàn ní jákẹ́ẹ̀tì, owó ọmọ èèyàn náà la máa fi rà á.

Nígbà tí áńbúláǹsì ń bọ̀, wọ́n sọ fún un pé kó sọ fún wọn nílé ìwòsàn pé orí àtẹ̀gùn ilé òun lòun ti ṣubú. Ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi mọ ìdí ẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Orúkọ tó wà lórí ìwé owó oṣù ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ, owó iléèwé ò sì mọ̀ pé wákàtí 20 ni. Ó yá orúkọ lọ́wọ́ ẹnì kan tí páálí ẹ̀ pé, ẹni yẹn sì ń gba ìdámẹ́rin owó ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lóru ọjọ́ yẹn ni ẹni yẹn pè é lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Kò bèèrè bó ṣe ń ṣe. Ó ní: "Àbúrò, jọ̀ọ́, má ba ayé mi jẹ́."

Ẹ rò ó wò ná. Ká ní ó kú. Orúkọ ta ni wọ́n ì bá kọ sílẹ̀? Ìyá ta ni wọ́n ì bá pè?

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà wà níbẹ̀, mo jó, mo ju owó sínú igbá. Wọ́n ní Èṣù fẹ́ gba ẹ̀mí ẹ̀, Ọlọ́run ò gbà. Mo gbà pé Ọlọ́run dá ẹ̀mí ẹ̀ sí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n Èṣù wo? Ṣé Èṣù ló já wáyà katakata? Ṣé Èṣù ló to skip sórí ilà? (Òrìṣà yìí ti rí nǹkan láti ìgbà tí wọ́n ti fi orúkọ ẹ̀ túmọ̀ Sátánì nínú Bíbélì. Gbogbo ohun tí ọ̀gá yáàdì bá ti ṣe, òun la óò dì í lé lórí.) Ẹni tó ṣe é lórúkọ, ó ní ọ́fíìsì, ó ń mu kọfí. A fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, ó dáa. Àmọ́ kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa, nínú bí igba èèyàn, tó ní ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí àjọ tó ń bójú tó ààbò níbi iṣẹ́. A dá owó fún un, a gbé ìrẹsì lọ sílé ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, àwa tó kù padà sẹ́nu iṣẹ́, a gba orí ọ̀nà katakata kọjá.

Àwọn awakọ̀ wa nílé á ní Ògún ni. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn láti inú ìsìn Ògún náà. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ ẹ̀, tó ti bọ Ògún láàárọ̀, ṣé ẹ ti rí i kó fọwọ́ lásán mú irin gbígbóná? Ẹ̀mú ló fi ń mú un. Bó ṣe bọ Ògún tó, kò ju ẹ̀mú nù.

Àwọn kan wà tí wọn ò ráyè sọ pé àtẹ̀gùn làwọn ti ṣubú. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2016, ní àdúgbò Nechells ní Birmingham, àwọn ọkùnrin kan ń palẹ̀ mọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ irin àlòkù. Ògiri kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọnkéré ńláńlá tò. Lódìkejì ògiri yẹn, wọ́n ti to irin jọ, tọ́ọ̀nù 263. Ògiri wó. Àwọn 5 kú lójú ẹsẹ̀, ẹnì kẹfà kán lẹ́sẹ̀. Ọmọ Gambia àti Senegal ni àwọn tó kú, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, tí wọ́n ti gba Spéènì kọjá kí wọ́n tó dé Birmingham. Ọdún mélòó ni ẹ rò pé ó gbà kí wọ́n tó dájọ́? Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni. Ọ̀gá méjì gba ẹ̀wọ̀n oṣù 9 níkọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ kan san ìtanràn mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, èkejì san ẹgbẹ̀rún 600.

Ẹ lè ní oṣù 9 fún èèyàn 5 kéré. Ó kéré, ẹ̀gàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ilé ẹjọ́ ṣe tí àwa ò ṣe. Wọn ò bèèrè ẹni tó ṣépè lé wọn lórí, wọn ò wádìí kádàrá ẹnikẹ́ni. Wọ́n bèèrè pé ta ló to irin dé ibi tó dé yẹn, ta ló yẹ kó mọ̀ pé ògiri yẹn lè wó, kí ló ṣe nípa ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta péré. Tí a bá ti sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ti pa lẹ́nu mọ́, ọ̀gá á sì bá wa ṣe àmín.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ààbò yìí, àṣejù òyìnbó ni, pé ẹni tó fẹ́ gun àkàbà onígbẹ̀ẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàwé oṣù kan. Mo ti rẹ́rìn-ín sí irú àwàdà bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1974, ọdún tí wọ́n ṣe òfin ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́, òṣìṣẹ́ 651 ló kú sẹ́nu iṣẹ́ nílẹ̀ Bìrìtìkó. Láàárín oṣù Kẹrin ọdún 2023 sí oṣù Kẹta ọdún 2024, 138 ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ibi ìwakùsà ti tì pa láàárín méjì, ìyẹn náà wà lára ohun tó dín in kù. Síbẹ̀, àṣejù wo ló dáa jùyẹn lọ? Nínú àwọn tó ṣì ń kú yẹn, iṣẹ́ pàǹtí wà lára àwọn tó ń pa èèyàn jù, tí a bá fi wé iye àwọn tó ń ṣe é, ohun tó sì ń pa wọ́n jù ni ọkọ̀ tó ń rìn nínú yáàdì. Kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà, ohun tí ilà ìyeyè wà fún gan-an nìyẹn.

Òfin 1974 yẹn, mo ti wá kà á báyìí, ó pẹ́ jù. Abala kẹsàn-án ẹ̀ ní agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ lórí ohun ààbò tí òfin bá ní kó pèsè. Pọ́n-ùn 15 wa, olè ni wọ́n fi jà wá. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n ti fẹ òfin ìbọ̀wọ́ àti jákẹ́ẹ̀tì yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́ tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ gidi lórí ìwé. Òfin ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ti ọdún 1996, abala 44, ní tí o bá rí ewu tó le tó sì wà nítòsí, tí ìgbàgbọ́ ẹ sì bọ́gbọ́n mu, o lè kúrò níbẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ torí ẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni ìyẹn náà ti kan àwọn òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́. Nínú gbogbo oṣù 9 mi, nínú gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tí mo wà, tí wọ́n ti ń polówó ìrẹsì ọ̀fadà, asọ ẹbí àti ilé yíyá, mi ò rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ rí. Àdúrà òwúrọ̀ ni, lójoojúmọ́. "Ikú ò ní mọ ọ̀nà ilé wa." Àmín. Ó mọ ọ̀nà yáàdì ńkọ́?

Ẹnì kan bi mí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórúkọ ẹlòmíì, báwo ló ṣe fẹ́ dìde sọ pé òun ò ṣe? Òótọ́ ni. Mi ò ní jókòó síbi tó gbóná kí n máa ní kí ọmọ ọlọ́mọ lọ fi ara ẹ̀ wewu. Kò lè sọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀gá fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí páálí yín pé ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè gbé fóònù kẹ́ ẹ sì sun oorun yín lálẹ́. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí bẹ́líìtì yẹn, ẹ rí skip tó wà lórí ilà, ẹ mọ̀ pé wọ́n já wáyà, ẹ sì pa á mọ́ra torí kí ọ̀gá lè fún yín ní wákàtí àfikún. Èmi náà wà nínú yín, páálí tèmi pé nígbà yẹn. Orí yéye ní mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé orí wa ò sí níbẹ̀.

Àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yá skip. Torí àwa Yorùbá ti di onílé ní Peckham, ní Thamesmead, ní Dagenham, a sì ń tún un ṣe. Àǹtí mi kan gbé fíríìjì tó ti kú sí ìsàlẹ̀ skip, ó wá da iyẹ̀pẹ̀ bò ó bí ẹni ń sin òkú. Mo ní àǹtí, wọn kì í gbé fíríìjì sínú skip. Ó ní: "Àbúrò, pọ́n-ùn mélòó ni mo san? Ibi tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n gbé e sí." Ọmọ tó máa wà á jáde lọ́wọ́ nígbà tí gáàsì inú ẹ̀ bá tú, kò mọ àǹtí, àǹtí ò mọ̀ ọ́n. Àwọn míì á fọ́ òrùlé gáréèjì tó ti wà láti ìgbà ayé Thatcher sínú àpò dúdú, wọ́n á dì í pa, wọ́n á tì í sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì pe onímọ́tò inú WhatsApp tó ní òun á gbé e ní ìdajì owó, ẹ mọ̀ pé inú igbó ló ń lọ dà á sí, òfin ọdún 1990 sì lè tọ ẹsẹ̀ pàǹtí yẹn padà wá sẹ́nu ọ̀nà yín. Owó pọ́ọ́kú yẹn, ẹnì kan ló ń san ìyókù. Ara ló fi ń san án.

Mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé rò pé ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù nìyí. Ẹ jáde láàárọ̀ l'Ékòó, ẹ wo àwọn ọmọkùnrin tó ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akólẹ̀, ọwọ́ lásán, sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Ẹ wo àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ létí títì márosẹ̀ tí danfó ń fẹ́ ategùn gbé fìlà lórí wọn. Nígbà tí ààtàn Olúṣòsùn gbiná ní oṣù Kẹta ọdún 2018, èéfín ẹ̀ ni gbogbo wa sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ó wọ ilé wa. Àwọn tó ń ṣa nǹkan níbẹ̀ lójoojúmọ́ ti ń fa èéfín sínú kó tó di ìròyìn. Nàìjíríà ní òfin gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ láti ọdún 2010, tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ sí àpò NSITF, kí wọ́n lè rí nǹkan fún ẹni tó bá fara pa. Ẹ bi ọmọ tó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn bóyá ó ti gbọ́ orúkọ náà rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé ara wa ò wọ́n. A kàn gbé ẹ̀kọ́ ọ̀hún wọ ọkọ̀ òfuurufú ni.

Ọmọ Ọ̀ṣun yẹn ti ń rìn báyìí, ó ń tiro díẹ̀. Ó parí ẹ̀kọ́ ẹ̀. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òjò bá ń bọ̀, ẹsẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ń sọ fún òun. Yáàdì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ́jẹ́ńsì míì ló ń kó èèyàn lọ síbẹ̀ báyìí, mo rí ìpolówó wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá: aago 6 àárọ̀, wọn ò bèèrè ìrírí, ẹ mú bàtà yín wá. Tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ lọ, wọ́n á nawọ́ báírò sí ẹ. Kí o tó gbà á, ní kí wọ́n mú ẹ lọ wo ilà aláwọ̀ ìyeyè, kó o fojú ara ẹ rí ohun tó wà lórí ẹ̀. Lẹ́yìn náà, bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n yẹ ṣéènì wò kẹ́yìn, kí wọ́n sì fi ìwé ẹ̀ hàn ẹ́.